Ìgbóná Tí Kò Gòkè: Yìnyín Festac àti Bàbà Ilé-Ifẹ̀

Ní ọjà Agboju, létí ọ̀nà tí ó lọ sí Badagry, àwọn obìnrin tí ń ta yìnyín a máa fi àpò bo ọjà wọn láti òwúrọ̀. Oòrùn a máa ràn, omi a sì máa sun láti ìdí àpò náà lọ sí gọ́tà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Amuwo-Odofin gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, mo dúró lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú wọn, mo ní, “Ẹ kú ọjà o, Ìyá. Yìnyín tí ó ń yọ́ lọ́wọ́ ní òwúrọ̀ àti èyí tí ó kù sílẹ̀ ní ọ̀sán yìí, èwo ni ó tutù jù?” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Tíṣà, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀. Yìnyín ni yìnyín. Kí ó tó gbóná, yóò ti di omi ná.”

Mo ti ka ìwé tí ó gùn nípa ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ibi tí a gbé sọ ọ́ ní kúkúrú tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Yóò gbé wa dé ìlú Glasgow ní ilẹ̀ Scotland ní ọdún 1761, yóò sì dá wa padà sí Ilé-Ifẹ̀, sí iwájú iná àwọn tí ó yọ́ bàbà kí ọkọ̀ òyìnbó kankan tó dé etíkun wa. Bí ẹnikẹ́ni bá bèèrè pé kí ni ó pa Ifẹ̀ pọ̀ mọ́ Festac, kí ó ní sùúrù; a ó dé ibẹ̀.

Jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí a fi ojú rí. Mo ra yìnyín, mo fọ́ ọ wẹ́wẹ́, mo kó o sínú ìkòkò irin kékeré kan, mo sì ki tẹmómítà bọ àárín rẹ̀. Mo gbé e ka orí sítóòfù tí iná rẹ̀ kéré. Mo ní kí ọmọ kan máa pe ohun tí ó bá rí ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú, kí òmíràn sì máa kọ ọ́ sí ojú pátákó. Ní ìbẹ̀rẹ̀, tẹmómítà wà ní ìsàlẹ̀ òdo, nítorí pé inú fíríjì ni yìnyín náà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ó sì ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó kan òdo, ó dúró. Omi bẹ̀rẹ̀ sí yọ. Ọmọ náà ń pè: òdo, òdo, òdo. A ń rò ó pọ̀, iná ń jó, òdo náà ni. Èyí tí ń kọ̀wé dá ọwọ́ dúró, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé sítóòfù ti kú ni?”

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Èrò gbogbo ènìyàn ni pé bí iná bá ń jó lábẹ́ ohun kan, ohun náà ní láti máa gbóná sí i. Mo ní kí ó wá wo iná náà fúnra rẹ̀. Iná ń jó. Mo tilẹ̀ fi kún un: yìnyín náà yára yọ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ṣùgbọ́n tẹmómítà kò mira. Ìgbà tí èérún yìnyín tí ó kẹ́yìn pòórá ni ó tó gbéra, tí ó sì ń sáré gòkè bí ẹni pé ó fẹ́ san gbèsè àkókò tí ó fi jókòó.

Ìdúró yìí gan-an ni àwọn tí ó ṣe tẹmómítà gbára lé. Ẹni tí ó bá fẹ́ fa ìlà sí ara ọ̀pá gíláàsì nílò ibi kan tí kì í yẹ̀, ní Èkó tàbí ní Uppsala, ní ọ̀sán tàbí ní òru; yìnyín tí ó ń yọ́ sì ni ó fún un ní ibẹ̀. Anders Celsius, ará Sweden, lò ó ní ọdún 1742, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òdìkejì ohun tí à ń lò lónìí ni ó kọ: ó pe yíyọ́ yìnyín ní 100, ó sì pe híhó omi ní òdo. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ni ó yí i padà, ẹ sì lè rò ó wò bí ìyà ìbá ti jẹ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ bí wọn kò bá yí i.

Níbo wá ni gbogbo ooru tí iná fi ránṣẹ́ sínú ìkòkò wa lọ? Ìbéèrè yìí ni Joseph Black bi ara rẹ̀. Ìlú Bordeaux ní ilẹ̀ Faransé ni a bí i sí ní ọdún 1728, ó sì di olùkọ́ ní yunifásítì Glasgow. Ní ìgbà ayé rẹ̀, àwọn ọ̀mọ̀wé gbà pé bí yìnyín bá ti gbóná dé ojú ibi tí ó ti ń yọ́, ooru díẹ̀ sí i ni yóò sọ gbogbo rẹ̀ di omi. Black wo òjò dídì tí ó máa ń bo àwọn òkè Scotland mọ́lẹ̀ ní ìgbà òtútù. Ó rí i pé bí èrò yẹn bá jẹ́ òtítọ́, gbogbo rẹ̀ ì bá yọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ní ọjọ́ tí ojú ọjọ́ bá kọ́kọ́ móoru, àgbàrá ì bá sì gbá ìlú àti oko lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni òjò dídì náà fi ń yọ́.

Ní ọdún 1761 ó mú ìgò gíláàsì méjì tí ó rí bákan náà. Nínú ọ̀kan ni ó sọ omi di yìnyín. Nínú èkejì ni ó fi omi tí ó kù díẹ̀ kí ó dì sí. Ó gbé wọn sínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí ìgbóná rẹ̀ wà ní 47 lórí ìwọ̀n Fahrenheit, níbi tí yìnyín ti ń yọ́ ní 32. Ní ààbọ̀ wákàtí, omi náà ti fi dígírì 7 gòkè, ó dé 40. Ìgò yìnyín kò dé 40 àfi lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá àti ààbọ̀, èyí tí í ṣe ààbọ̀ wákàtí lọ́nà 21. Bẹ́ẹ̀ gbọ̀ngàn kan náà ni ó ń fún àwọn méjèèjì ní ooru. Black ṣe ìṣirò rẹ̀: 7 lọ́nà 21 jẹ́ 147, bí a bá yọ dígírì 8 tí yìnyín náà fi gbóná láti 32 dé 40, ó ku nǹkan bí 140 tí ó wọ inú yìnyín tí tẹmómítà kò rí. Ó pè é ní ooru tí ó farapamọ́. Lórí ìwọ̀n tí à ń lò ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, iye náà jẹ́ 80: ooru tí ó lè yọ́ kìlógíráàmù yìnyín kan tó láti gbé kìlógíráàmù omi kan láti òdo dé dígírì 80. Ti Black, bí a bá yí i sí ìwọ̀n wa, jẹ́ 78. Ìgò méjì, gbọ̀ngàn òfìfo àti sùúrù ni ó fi súnmọ́ òtítọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Kò tẹ ẹ̀kọ́ rẹ̀ yìí ní ìwé nígbà ayé rẹ̀. Ẹnu ni ó fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ọdọọdún. Ó kú ní ọdún 1799, John Robison sì kó àwọn ẹ̀kọ́ náà jọ, ó tẹ̀ wọ́n jáde ní ọdún 1803. Ohun tí àwọn onímọ̀ fi kún un lẹ́yìn náà ni ìdí rẹ̀. Àwọn èérún kéékèèké tí ó para pọ̀ di yìnyín di ara wọn mú, wọ́n tò bí ọmọ ogun. Ooru tí ó bá wọlé nígbà tí yìnyín ń yọ́ kò mú kí wọ́n sáré sí i. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tú ọwọ́ wọn kúrò lára ara wọn. Sísáré wọn sì ni tẹmómítà ń wọ̀n. Nítorí náà, ooru ń wọlé, ìgbóná kò sì gòkè. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì láti kékeré: ooru ni ohun tí a fi fúnni, ìgbóná ni ohun tí tẹmómítà kà.

Àwọn oníṣòwò ti jèrè lórí ooru tí ó farapamọ́ yìí. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1833, Frederic Tudor, ará Boston ní Amẹ́ríkà, di nǹkan bí 180 tọ́ọ̀nù yìnyín adágún sínú ọkọ̀ ojú omi kan tí ń jẹ́ Tuscany. Ọkọ̀ náà kọjá ìlà agbede ayé lẹ́ẹ̀mejì nínú oòrùn, ó sì dé Calcutta ní India ní oṣù kẹsàn-án pẹ̀lú nǹkan bí 100 tọ́ọ̀nù. Bí yìnyín bá ń yára yọ́ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ayé Black ti rò, omi nìkan ni ì bá dé ibẹ̀.

Bí ó ti rí ní yíyọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ní dídì, ṣùgbọ́n ní òdìkejì. Omi tí ń dì a máa dá gbogbo ooru tí ó farapamọ́ sínú rẹ̀ padà, ìgbóná rẹ̀ a sì dúró ní òdo títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di yìnyín. Ẹ fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríjì tí ń sọ omi di yìnyín, ẹ ó mọ ibi tí ooru náà gbà jáde. Nígbà mìíràn, omi tí ó mọ́ tí kò sì mira a máa tutù kọjá òdo láìdì. Fahrenheit kọ̀wé nípa èyí ní ọdún 1724. Ṣùgbọ́n bí a bá mi ìgò náà, yìnyín a ta jáde lójijì, ooru a tú sílẹ̀, tẹmómítà a sì fò padà sókè sí òdo.

Gbogbo òfin tí mo ń sọ yìí, ohun tí kò ní àdàlù ni ó ń pa á mọ́. Ẹ wo epo pupa nínú ìgò ní àárọ̀ ọyẹ́. Òkè rẹ̀ pupa, ó ń ṣàn. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dì, ó dà bí ògì. Kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: oríṣìíríṣìí ọ̀rá ni, olúkúlùkù sì ní ibi tirẹ̀ tí ó ti ń dì. Òróró àgbọn tí a ń kó bọ̀ láti Badagry náà rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí dígírì 24 ni ó ń dì, tí ó fi jẹ́ pé ní àárọ̀ ọyẹ́ ṣíbí ni a ó fi bù ú, ní ọ̀sán a ó dà á. Ṣùgbọ́n láàárín ìgbà méjèèjì a máa rọ̀, a máa ki, kì í dúró ojú kan. Bí a bá bu iyọ̀ sí yìnyín, kò ní dúró ní òdo mọ́; ó lè tutù dé nǹkan bí dígírì 21 sí ìsàlẹ̀ òdo. Nítorí náà, bí onímọ̀ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ohun kan mọ́, a máa yọ́ ọ, a sì máa wo tẹmómítà. Bí ìgbóná bá dúró ṣinṣin, ohun náà mọ́. Bí ó bá ń fà bí ìgbín, àdàlù wà níbẹ̀. (Ẹ̀yin olùkọ́ lè fi káńfọ̀ funfun tí a ń fi sí àpótí aṣọ kọ́ àwọn ọmọ, èyí tí à ń pè ní naphthalene; ní dígírì 80 ni ó ń yọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe é níbi tí afẹ́fẹ́ wà, nítorí èéfín rẹ̀ kò dára fún ara.)

Wàyí o, Festac. Inú orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi pe Àjọ̀dún Àgbáyé Kejì fún Iṣẹ́ Ọnà àti Àṣà Àwọn Ènìyàn Dúdú àti Áfíríkà ni a ti yọ orúkọ ìlú náà. Àjọ̀dún náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ó sì parí ní ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ìjọba kọ́ ìlú yìí, pẹ̀lú àwọn òpópónà rẹ̀ tí nọ́ńbà ń jẹ́ lórúkọ, kí àwọn àlejò lè rí ibi wọ̀ sí; lẹ́yìn àjọ̀dún, a pín àwọn ilé náà fún àwọn ará ìlú. Àmì àjọ̀dún náà ni ìbòjú Ìdíà, ìyá Ọba Esigie ti Benin, tí a fi eyín erin gbẹ́. British Museum ní London ni ìbòjú náà wà. Nàìjíríà tọrọ rẹ̀ fún àjọ̀dún, wọn kò fi ránṣẹ́, a sì gbẹ́ irú rẹ̀ mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì tọ́ kí ó dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n eyín erin kì í yọ́. Bí a bá ń wá ohun tí àwọn baba wa fi iná ṣe, àfi kí a fi ìbòjú Ìdíà sílẹ̀, kí a lọ wo ìbòjú mìíràn: ti Ọbàlùfọ̀n ní Ilé-Ifẹ̀, tí a sọ pé kò rí inú ilẹ̀ rí, tí ó wà lórí pẹpẹ ní ààfin Ọọ̀ni láti ìrandíran.

Bàbà ni ìbòjú náà, bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àdàlù kankan. Ó tó ojú ènìyàn ní títóbi, àwọn onímọ̀ sì gbé e sí nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìnlá. Bí a ti ń ṣe irú rẹ̀ nìyí. Oníṣẹ́ a kọ́kọ́ mọ inú rẹ̀ ní amọ̀. A fi ìda oyin tẹ́ ẹ, a sì ya ojú, imú àti ètè sára ìda náà. A tún fi amọ̀ bo ìda mọ́lẹ̀, a fi ihò sílẹ̀, a yan án nínú iná. Ìda a yọ́, a ṣàn jáde, àyè rẹ̀ a ṣófo. Inú àyè yìí ni a ó da bàbà yíyọ́ sí. Nígbà tí ó bá tutù, a ó fọ́ amọ̀ náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Bí dídà náà bá bàjẹ́, ìda ti lọ, amọ̀ ti fọ́, iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ti ṣègbé.

Ní dígírì 1085 ni bàbà ń yọ́. Ẹ fi ojú inú wo àwọn ọmọṣẹ́ tí ń fẹ́ ẹwìrì sí èédú. Ìkòkò amọ̀ ń pọ́n, bàbà inú rẹ̀ ń pọ́n, ìgbóná ń gòkè títí ó fi kan 1085. Níbẹ̀ ni ó dúró, gẹ́gẹ́ bí yìnyín ti dúró nínú ìkòkò wa ní Festac. Níwọ̀n ìgbà tí ègé bàbà kan bá ṣì kù tí kò yọ́, àwọn ọmọṣẹ́ lè fẹ́ ẹwìrì títí apá yóò fi ro wọ́n, ìgbóná bàbà kò ní gòkè. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé iná ti rẹ̀. Ọ̀gá kò ní tẹmómítà, ṣùgbọ́n ó ní láti mọ̀ pé dídúró náà kì í ṣe àárẹ̀ iná, kí ó má bàa pa iṣẹ́ tì, kí ó má sì da bàbà tí kò tíì yọ́ tán.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá yọ́ tán, ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó gbóná kọjá 1085, nítorí pé ojú ọ̀nà láti iná dé ẹnu amọ̀ yóò gbà lára ìgbóná náà, amọ̀ fúnra rẹ̀ yóò sì gbà. Àlékún yìí ni gbogbo àyè tí ó ní. Bí àlékún náà bá tán kí bàbà tó dé etí tàbí àgbọ̀n ìbòjú, bàbà yóò ti máa dì lójú ọ̀nà. Idẹ yàtọ̀. Bí a bá po ìdá mẹ́ta síǹkì mọ́ ìdá méje bàbà, àdàpọ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ ní nǹkan bí 915, yóò sì ti yọ́ tán ní nǹkan bí 955. Kì í dúró ojú kan, a máa rìn bí òróró àgbọn ti ń rìn. Iná tí ó fi làálàá kan ojú ibi tí bàbà ti ń yọ́ ti fi dígírì 130 kọjá ohun tí idẹ ń fẹ́. Bàbà sì tún ní àlébù mìíràn. Nígbà tí ó bá yọ́, a máa fa èémí iná àti afẹ́fẹ́ mu bí kànìnkànìn. Nígbà tí ó bá ń dì, a máa pọ̀ ọ́ jáde, ihò kéékèèké a sì dá sí ara iṣẹ́. Síǹkì tàbí táńganran a máa dín èyí kù. Ní ti ooru, kìlógíráàmù bàbà kan tí ń dì, láìjẹ́ pé ìgbóná rẹ̀ dín, a máa tú èyí tí ó tó láti yọ́ nǹkan bí gíráàmù 600 yìnyín sílẹ̀, amọ̀ sì ni ó ní láti gbà á láìfọ́.

Àwọn alágbẹ̀dẹ Igbo-Ukwu, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án, ti mọ ìyàtọ̀ yìí. Thurstan Shaw wa ilẹ̀ níbẹ̀ láti 1959 sí 1960, àti ní 1964. Nígbà tí a yẹ àwọn ohun èlò náà wò, a rí i pé èyí tí wọ́n fi òòlù lù jẹ́ bàbà tí kò ní àdàlù tó nǹkan, èyí tí wọ́n dà sì jẹ́ bàbà tí a po táńganran àti òjé mọ́. Wọ́n gbé kálukú sí ibi tí ó yẹ ẹ́. Ohun tí Igbo-Ukwu yẹra fún ni Ifẹ̀ dojú kọ.

Kì í sì í ṣe ìbòjú kan ṣoṣo. Ní ọdún 1938, nígbà tí a ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, nítòsí ààfin Ọọ̀ni, a kan orí ère tí ó lé ní 15. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ idẹ, ṣùgbọ́n àwọn kan jẹ́ bàbà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́ pátápátá. Ère ọkùnrin tí ó jókòó, tí ó wà ní Tada lẹ́bàá Odò Ọya, náà jẹ́ bàbà bẹ́ẹ̀, àwọn onímọ̀ sì kà á mọ́ iṣẹ́ Ifẹ̀. Kí ló dé tí wọn kò po nǹkan mọ́ ọn? Kì í ṣe àìmọ̀, nítorí idẹ wà lọ́wọ́ wọn. Èrò tèmi ni pé pípọ́n bàbà ni wọ́n ń fẹ́, tàbí kí wọ́n fẹ́ kí ohun ọba jẹ́ ohun tí kò lábùlà.

Nígbà tí Leo Frobenius, ará Jámánì, rí orí idẹ kan ní igbó Olókun ní Ifẹ̀ ní ọdún 1910, kò lè gbà pé ọwọ́ àwọn baba wa ni ó ṣe é. Ó ní iṣẹ́ àwọn ará Gíríìsì kan tí ó ti sọnù ni, ó sì dárúkọ Atlantis. Àwọn tí ó já irọ́ yìí máa ń fi ọjọ́ orí iṣẹ́ náà àti àwọn ère amọ̀ tí ó bá a jọ já a. Èmi fẹ́ fi ìgbóná kún un. Àwọn ará Gíríìsì pàápàá, bàbà tí a po táńganran mọ́ ni wọ́n sábà fi ń dà ère wọn. Àlejò tí ń kọjá lọ lè fi àwòrán ojú sílẹ̀ fún ènìyàn, ṣùgbọ́n kò lè fi 1085 sílẹ̀ fún un. Àfi ẹni tí ó ti ba dídà púpọ̀ jẹ́, tí ó mọ amọ̀ ilẹ̀ rẹ̀ àti èédú igbó rẹ̀, tí bàbà rẹ̀ ti dì lójú ọ̀nà rí, tí baba rẹ̀ sì ti sọ fún un ìdí rẹ̀. Irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ kì í wọ ìlú ní ọjọ́ kan.

Mo fi àwòrán ìbòjú Ọbàlùfọ̀n han kíláàsì wa ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé ti yìnyín. Ọmọ tí ó bi mí léèrè nípa sítóòfù wò ó pẹ́, ó ní, “Tíṣà, ta ni ó ń pe ìṣẹ́jú fún wọn?” Mo ní kò sí ẹni tí ń pè é. Ojú ọ̀gá ni ó wà nínú ìkòkò náà, títí ègé bàbà tí ó kẹ́yìn fi wọlé.